Adìẹ Orí Òkè tí Àna Mi Ṣèlérí

Mo rántí ìgbà tí ọkọ ọmọ mi máa ń fọ́nnu nínú ilé wọn ní Cheverly, ìlú òyìnbó níbí. Ọmọ erékùṣù kékeré kan láàárín òkun ni. Ó ní òun yóò mú ẹran kan wá láti ìlú òun tí yóò mú mi gbàgbé ẹran ìgbẹ́ ilé wa. Adìẹ orí òkè ni wọ́n ń pè é. Èmi òpè ti ń ro ata tí n ó fi sè é, àfìgbà tó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí nínú fóònù: kọ̀ǹkọ̀ inú igbó ni, ó tóbi tó ọmọ ológbò, ó jókòó bíi olórí ẹbí.

Ó ní wọn kì í ṣọdún láìsí i nínú ọbẹ̀, pé láti kékeré lòun ti ń tọ ohùn rẹ̀ wọ igbó ní ìrọ̀lẹ́, pé abo rẹ̀ ló sanra jù. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń lá ètè.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe ògbufọ̀ wa, wò ó nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní erékùṣù méjì péré ló kù sí láyé, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní abo yẹn a máa jókòó ti ihò àwọn ọmọ rẹ̀, a sì máa yé ẹyin fún wọn jẹ títí wọn yóò fi yọ ẹsẹ̀.

Mo ní, "Abiyamọ lẹ ń pa jẹ."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá, àrùn ló pa wọ́n."

"Ṣé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni àrùn ọ̀hún ti bá wọn?"

"Ẹyọ kan ni mo máa mú wá fún yín. Ẹyọ kan ò lè pa ìran run."

"Bí gbogbo ará ìlú yín ṣe ń wí nìyẹn."

Ó gbé kúlà, ó lọ sí ìlú rẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí àfonífojì tí wọ́n ti ń ṣọdẹ nígbà èwe, ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lórí, wọn ò gbọ́ ju ìrẹ̀ lọ. Òfìfo ni kúlà padà dé. Mi ò kí i kú ìrọ́jú. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Nísinsìnyí, tó bá ti ibi iṣẹ́ ilé ìwòsàn dé, yóò jókòó sórí àtẹ̀gùn, yóò ní kí ọmọ bá òun wá ohùn ẹran náà nínú fóònù. Yóò dijú, yóò máa gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ mi, ní kí n ṣàánú rẹ̀. Mo pòṣé. Ọmọ rẹ̀ tó ń bá mi kọ èyí ń wojú mi. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ó jẹ olórin tán, ó wá ń tọrọ orin.