Ọkọ̀ Òfìfo tí Ọlọ́rundáre fi lọ gbé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Ìmẹ̀sí-Ilé tí ẹ ní Ọlọ́rundáre ni ẹ̀ ń wá, wọn á bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹ ṣá ti ní "onípíkọ́ọ̀pù," ẹ̀rín ni wọn á kọ́kọ́ rín. "Áà, Ìdí-Gíga!" Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, torí pé bí kò bá ti ru nǹkan kan, ńṣe ni ìdí rẹ̀ máa ń yọ sókè, tí imú rẹ̀ á dojú kọ ilẹ̀. Orúkọ náà kì í bí i nínú. Ká sòótọ́, ó ń dùn mọ́ ọn.

Ọkọ̀ náà kò kúkú rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣu ni Ọlọ́rundáre ń kó lọ sí Òṣogbo láti ìgbà tó ti di géńdé, ẹni tó bá sì mọ àwọn òkè Ìmẹ̀sí á mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Bí iṣu bá ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ìdí á wọlẹ̀, iná iwájú á máa wo ojú ọ̀run, sípírìnì á sì kán. Ó tún un ṣe títí ó fi sú u. Ìgbà náà ni Zulkifli, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Òṣogbo, bá a fi rọ́bà afẹ́fẹ́ méjì sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lórí sípírìnì. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà náà ni wọ́n ń fẹ́ ẹ sí i. Láti ọjọ́ náà, iṣu ì báà ga ju orí ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ á dúró gbọn-in.

Zulkifli kìlọ̀ fún un o. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ máa dín afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kù." Ọlọ́rundáre ní òun ti gbọ́. Gbọ́ kẹ̀! Ta ló fẹ́ máa tú afẹ́fẹ́ lónìí, kó tún máa wá fọ́kánáísà kiri lọ́la? Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lófìfo tó ń fò bí ewúrẹ́ tó já okùn, ara tirẹ̀ ti gbà á. Àwọn èrò tó bá gbé á sọ̀ kalẹ̀, wọn á di ìbàdí mú, á sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ìgboro ni wọ́n.

Wúrà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, òun náà ni ìyá rẹ̀. Ìgbà tí Ọlọ́rundáre ṣì ń rákò ni ìyá tó bí wọn kú, ẹ̀yìn Wúrà ló sì wà tó fi mọ ọ̀nà oko àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹgbẹ́ Wúrà ń ṣeré òṣùpá, òun ń pọn ọmọ. Ó ti darúgbó báyìí. Lọ́jọ́ kan ó yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Iléṣà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, dókítà kìlọ̀ pé kí nǹkan kan má ṣe gbò ó jìgìjìgì, torí bí egungun náà bá yẹ̀, àfi kí wọ́n tún la ibẹ̀. Wúrà ní ọ̀bẹ kò ní gé òun lẹ́ẹ̀mejì láyé yìí. Micah, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Iléṣà, bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ti òun. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ilé ara rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló fẹ́, ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ ló sì fẹ́ wọ̀ débẹ̀.

Inú Ọlọ́rundáre dùn dé ẹ̀yìn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ó fọ ọkọ̀ tinú tẹ̀yìn. Àwọn tó ní kó bá àwọn gbé sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Iléṣà, ó lé gbogbo wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ni màá gbé mọ́ sìmẹ́ǹtì! A kì í da àgbà pọ̀ mọ́ ẹrù." Phebe ìyàwó rẹ̀ tẹ́ tìmùtìmù àti ìrọ̀rí sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Èyí tó wá burú jù ni pé Ọlọ́rundáre tún yà sọ́dọ̀ fọ́kánáísà, ó ní kó fẹ́ rọ́bà náà kún dáadáa. Lójú tirẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ọkọ̀ yóò ṣe rọ̀ tó. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí wọ́n ní kó wá fẹ́ni lójú, ó lọ fi ata sẹ́nu.

Wọ́n gbéra ní Iléṣà láàárọ̀, Phebe jókòó ti Wúrà lẹ́yìn, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nínú ìgboro, ó dára. Wọn kò tíì kọjá Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà dáadáa tí ọkọ̀ fi kó sí kòtò kan, kòtò kékeré tí kì í já mọ́ nǹkan kan bí iṣu bá wà lẹ́yìn. Ìdí ọkọ̀ ta sókè, ó já lulẹ̀, ó tún ta.

"Yéè! Mo kú o!" Wúrà ké. "Dáre, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ọlọ́rundáre dín eré kù, ó ń rìn bí ìgbín. Kò ran nǹkan kan. Gbogbo gbágungbàgun ojú ọ̀nà ni ọkọ̀ ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, Wúrà sì ń ké sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Bàbá Èyítáyọ̀, ẹ dúró!" ni Phebe pariwo sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ dúró jàre!"

Ó dúró. Wúrà ti ń sunkún. Ó ní, "Dá mi padà sọ́dọ̀ Micah. Bó bá jẹ́ Iléṣà ni màá kú sí, mo ti gbà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọlọ́rundáre lákínyẹmí ara. Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Ó wo ìdí gíga tó ń dùn mọ́ ọn nínú láti ọjọ́ yìí, ojú tì í. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀: gbogbo ọdún tí òun ti ń gbé èèyàn, òun kò bi ẹnì kan rí pé, báwo ló ṣe rí lára yín níbẹ̀ yẹn? Ẹ̀rù sì ń bà á. Bó bá dá Wúrà padà, kòtò kan náà ni wọn á tún kọjá. Bó bá ń lọ, àwọn kòtò tó wà níwájú pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ó fa fóònù yọ, ó pe Zulkifli.

"Sùbúhánálláhì!" ni Zulkifli wí. "Bàbá, ẹ ò ru nǹkan kan, ẹ wá fẹ́ ẹ kún? Rọ́bà tí kò bá rí ẹrù rù, ọkọ̀ ni yóò máa tì sókè. Ẹ tú u. Ṣùgbọ́n ẹ má tú u tán o, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, kó má baà ká kó sì ya."

"Ṣé yóò wá rọ̀?"

"Yóò rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n sípírìnì ẹrù ni ti yín, ẹni mẹ́ta kò jọ ọ́ lójú. Ẹ wá ẹrù díẹ̀ sí i."

Ẹrù! Ẹni tó lé onísìmẹ́ǹtì. Ọlọ́rundáre kúnlẹ̀, ó tú afẹ́fẹ́, ìdí ọkọ̀ sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan wà lábẹ́ igi níwájú, wọ́n jókòó ti àpò ẹ̀gẹ́ wọn, wọ́n ń wá ọkọ̀ Ìmẹ̀sí. Ó wò wọ́n, ó sì lọ sí ojú fèrèsé Wúrà.

"Àǹtí mi, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù sí i. Ẹrù ni yóò mú un rọ̀. Bó bá tún dùn yín, màá yí padà."

Wúrà nu ojú. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o fi òfìfo wá gbé mi? Ọba ni mo dà ni?"

Àwọn àgbẹ̀ kò gbà gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, àfìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò. Wọ́n jókòó lé ẹ̀gẹ́ wọn lórí, ọkọ̀ sì gbéra. Nígbà tí wọ́n dé kòtò àkọ́kọ́, Ọlọ́rundáre rọra tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ rọra wọ̀ ọ́, ó rọra jáde. Ó wo dígí, Phebe mi orí sí i. Òmíràn, bákan náà. Nígbà tí wọ́n fi máa kọjá Ẹ̀sà-Òkè, Wúrà ti sùn, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Phebe sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé láti ọjọ́ tó ti ṣubú, òun kò rí i kó sùn báyìí.

Ó yẹ kí àwọn àgbẹ̀ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Ìmẹ̀sí. Ẹnì kankan ò sọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní bí àwọn bá ń gbé àpò, ọkọ̀ á mì, Màmá á jí. Wọ́n bá a dé ẹnu ọ̀nà ilé Wúrà, Ọlọ́rundáre pa ọkọ̀, gbogbo wọn sì jókòó sínú oòrùn lórí ẹ̀gẹ́, wọn ò mira.

Nígbà tó yá, Wúrà lajú. Òkè ọkọ̀ ló ń wò.

"Dáre, wọn ò tíì kó ẹ̀gẹ́ wọn sínú ọkọ̀ tán ni? Jẹ́ ká máa lọ sílé jàre."

Ọlọ́rundáre gbé orí lé sítíárì, ó ń sunkún. Phebe ló dá Wúrà lóhùn.

"Màmá, ẹ wo ìta. Ilé yín rèé."