Agbẹnusọ Jókòó sí Ìta

Ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tó ti mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Adití ni ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ yìí sì ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi gan-an. Iṣẹ́ aṣọ rírán la jọ ń ṣe. Èmi ni mò ń gba oníbàárà, tí mò ń wọ̀n wọ́n, tí mò ń bá wọn dúnàá dúrà. Òun ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ yẹn rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òwú bá fẹ́ já, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún un. Tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ ná. Tí ọ̀rọ̀ mi bá sì sú u, á kàn dijú. Ó parí nìyẹn. Ẹ lè máa ju apá títí ilẹ̀ á fi ṣú, adití tó bá ti dijú ti ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Ojú dídì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè láìmọye ìgbà.

Èdè ọwọ́ tèmi kò jẹ́ nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ ní ńṣe ni mo dà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Ọmọ yìí la ń pè ní Agbẹnusọ. Àwọn adití kì í fi orúkọ inú ìwé pe ara wọn. Wọ́n á wo ìwà ẹni, wọ́n á fi àmì ọwọ́ kan sọ ọ́ lórúkọ. Tirẹ̀, ìka méjì lórí ètè ni. Láti kékeré ló ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kiri, nílé ìwé, ní báǹkì, lọ́dọ̀ onílé, ní ọsibítù. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ, ọmọ yìí sì mọ̀ ọ́n jẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá ní, “Sọ fún odi yìí kó sún sẹ́yìn,” ohun tí ọwọ́ rẹ̀ á sọ ni pé, “Mà, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀.” Ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín sí nọ́ọ̀sì, á tẹrí ba fún un. Nọ́ọ̀sì á wá máa wò bọ̀ọ̀.

Nígbà tó dàgbà, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan kó ara wọn jọ. Adití ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Olórí wọn ni ọ̀dọ́kùnrin onígbàjámọ̀ kan, adití lòun náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ-Fẹ́lẹ́. Yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣèwádìí ohun tójú adití ń rí ní ọsibítù ńlá, kí àwọn lè gbé e síwájú àwọn aláṣẹ ibẹ̀, kí wọ́n fún adití ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n rò pé àwọn aláṣẹ kò mọ̀ ni?

Agbẹnusọ ní, “Wọ́n mọ̀, Màmá Kékeré. Ẹni tó máa sọ ọ́ lójú wọn ni kò tíì sí.”

Ẹnu ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fẹ́ kí wọ́n béèrè ti wà lọ́kàn rẹ̀ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀: kí ọmọ tàbí ẹbí adití máa bá a wọlé lọ́dọ̀ dókítà nígbà gbogbo, kí nọ́ọ̀sì kankan má lé wọn síta. Ó dùn létí. Èmi náà gbè é lẹ́sẹ̀.

Ó nídìí tó fi ń kánjú. Ẹ̀gbọ́n mi ń rù. Aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ara rẹ̀ ti ń yọ́ bọ́ léjìká rẹ̀. Ọmọ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó tún gbé e lọ. Ìyá á ní orí ń fọ́ òun, ó rẹ òun. Ọmọ á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà á ní kó lọ sinmi, kó máa lo oògùn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ó lò ó, ó tún ń rù sí i. Ẹ̀rù ń bà wá, a ò sì mọ ohun tí à ń bẹ̀rù.

Abẹ-Fẹ́lẹ́ wá fi òfin kan lélẹ̀ fún àwọn olùwádìí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ̀rọ̀ wá ẹbí ara rẹ̀ lẹ́nu wò. Inú bí Agbẹnusọ. Ojú mi ló ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, irun oníbàárà ṣì wà nílẹ̀.

“Ta ló mọ ìyá mi jù mí lọ?” Ó ń fi ọwọ́ sọ ọ́, ó ń fi ẹnu sọ ọ́ pọ̀.

Abẹ-Fẹ́lẹ́ gbé abẹ sílẹ̀, ó fọwọ́ dá a lóhùn pé, “Ìdí tí kò fi ní jẹ́ ìwọ náà nìyẹn.”

Ọmọbìnrin adití kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ni wọ́n rán sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé fóònù kalẹ̀ láti fi ya fídíò, torí ọ̀rọ̀ ọwọ́, wíwò ni. Lẹ́yìn náà ló ní kí èmi náà bọ́ síta. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Mo lọ jókòó síwájú pẹ̀lú ìbínú, mò ń to bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n tò.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, lọ́jọ́ ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n mi fà mí lọ́wọ́ pé ká lọ sókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Òun ló bẹ̀ wọ́n pé kí ọmọ òun wo ohun tí òun sọ kí ẹlòmíì tó wò ó. Abẹ-Fẹ́lẹ́ fa kọ́tìnnì, a jókòó. Agbẹnusọ ń túmọ̀ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe.

“Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí nínú fídíò. “Nǹkan oṣù mi ti dúró tipẹ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń dà. Àjákù aṣọ oníbàárà ni mo fi ń...”

Ohùn Agbẹnusọ dúró. Abẹ-Fẹ́lẹ́ fẹ́ pa fídíò, ẹ̀gbọ́n mi ní kó jẹ́ kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń túmọ̀ mọ́. Èmi tí mò ń lé eṣinṣin, gbogbo rẹ̀ ló yé mi lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọbìnrin náà bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún dókítà.

“Mi ò mọ̀wé kọ. Ta ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ọmọ mi ni ẹnu mi. Nígbà tó wà ní kékeré, oyún kan kú mọ́ mi nínú. Dókítà ò mọ èdè wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí ọmọ náà sọ fún mi. Ó gbé ọwọ́ kékeré yẹn sókè. Ó sọ fún mi pé àbúrò òun ti kú, lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé òun sọ ọ́ dáadáa. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé mi ò ní gbé ẹrù àgbà lé e lórí mọ́.”

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ “mi ò jẹ”. A gba ẹnu obìnrin yìí lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé e fún ọmọdé, a sì ń yin ara wa pé a bí ọmọ tó gbọ́n.

Agbẹnusọ dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ń ja afẹ́fẹ́. “Ẹ fẹ́ kú, kí n má bàa gbọ́?”

Ìyá rẹ̀ dijú.

Ọmọ fi ẹsẹ̀ lu pákó ilẹ̀ kí ìyá lè mọ̀ pé òun ṣì ń sọ̀rọ̀. Ìyá ò la ojú, àmọ́ omi ń yọ lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà wá jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Àwa yòókù yíjú sí ògiri.

A bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó jẹ́ ká lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ kejì. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun bá máa sọ ọ́, òun àti dókítà ni, kì í ṣe ọmọ òun, kì í ṣe àbúrò òun. Ẹlòmíì tó mọ èdè ọwọ́ ì bá bá a lọ túmọ̀, ṣùgbọ́n òfin ọsibítù ni pé ẹni tí kì í ṣe ẹbí aláìsàn kò gbọdọ̀ bá a wọlé. Gbogbo rẹ̀ wá kù sọ́wọ́ ìpàdé tí àwọn ọmọ yìí fẹ́ bá àwọn aláṣẹ ṣe.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Agbẹnusọ ló dúró sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí ìwádìí àwọn fi hàn ni pé adití nílò ògbufọ̀ tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tó sì búra láti pa àṣírí mọ́.

Ọ̀gá àgbà ọsibítù rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, “Ìwọ kọ́ lo máa ń mú ìyá rẹ wá síbí? Ògbufọ̀ wo ló máa sàn ju ọmọ inú ẹni lọ?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Tó bá jẹ́ ọmọ yín obìnrin ló máa bá yín sọ gbogbo àìsàn yín fún dókítà, èwo lẹ máa fi pamọ́?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀.

“Ìyá mi ti fi tiwọn pamọ́. Wọ́n gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo mú wọn wá síbí, irọ́ ni mò ń túmọ̀ fún dókítà yín, mi ò sì mọ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má máa lé mi síta. Sà, ẹ bá mi lé mi síta.”

Wọ́n gbà pé àwọn á gba ògbufọ̀ kan ná, káwọn fi wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́. Aláṣẹ kì í fúnni ní odidi.

Àìsàn náà, ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún wa fúnra rẹ̀ nígbà tó wù ú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ti padà sídìí ẹ̀rọ báyìí, a ti ń jà lórí kọ́là. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pàdé ògbufọ̀ ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Nọ́ọ̀sì pè é. Agbẹnusọ dìde pẹ̀lú rẹ̀, bó ti mọ́ ọn lára. Ìyá rẹ̀ yíjú, ó na ìka sí bẹ́ǹṣì. Ọmọ padà jókòó. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àgbàlagbà ọmọ yẹn ò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó tì í bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e. Ó ń wo ilẹ̀kùn náà bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i lára.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Agbẹnusọ fò dìde, ọwọ́ rẹ̀ jáde kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró.

“Kí ni wọ́n sọ?”

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ló dijú, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

“Màmá Kékeré, wọ́n dijú mọ́ mi o!” Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Mo ní, “Ohun tó o jà fún náà rèé. Gba báàgì ìyá ẹ, ká máa lọ sílé.”