Sàréè Iwájú Ilé Wa Kì í Ṣe Ohun Ìdẹ́rùbani

Gbogbo wọn ni mo mọ orúkọ wọn, àwọn ọmọ mẹ́rin tó sọ ìyàwó mi di iwin. Mo mọ orúkọ bàbá wọn, mo sì mọ ìlú tí oníkálùkù ti wá. N kò ní í kọ ọ́ síbí, torí orúkọ tí òbí sọ ọmọ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Ìyàwó mi wà níwájú ilé wa ní Oǹdó, lápá ọ̀tún bí èèyàn bá ń gun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọdún tó kọjá la sin ín síbẹ̀. Àwọn ọmọ wa fi táìlì aláwọ̀ búlúù bo ojú sàréè náà, ó sì ga tó àga ìjókòó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń bó ọsàn. Aládùúgbò tó bá ti oko dé, tó ti rẹ̀, á gbé ẹrù lé e, á mí kanlẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá wọlé kì í kọ́kọ́ kí mi. Ìyá ló máa ń kọ́kọ́ kí: "Màmá, mo dé o." Ìgbà yẹn ló tó máa yíjú sí mi. Ẹnikẹ́ni kò pa á láṣẹ. Nígbà ayé rẹ̀, òun ló máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, òun ló sì máa ń dáhùn ìkíni kí n tó la ẹnu. Ikú kò yí ìyẹn padà.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́, iṣẹ́ fíìmù ló ń kọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan ló kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá bá mi. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọmọkùnrin kan láti Ìkàrẹ́, ẹnu rẹ̀ dùn, fìlà rẹ̀ sì kọjú sẹ́yìn. Ọmọ ọmọ mi wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí mi. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ àgbà kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò kalẹ̀ kọjá. Ó dùn mí. Mo ní bóyá ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tì í.

Wọ́n ní fíìmù adẹ́rùbani làwọn fẹ́ ṣe, àmọ́ ìpolówó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn, ìyẹn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń wò lórí fóònù kí fíìmù gan-an tó jáde. Olùkọ́ wọn ní wọn ò gbọdọ̀ kàn ṣe é láti inú orí ara wọn. Kí wọ́n lọ bi àwọn tó máa wò ó léèrè, kí wọ́n mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo gbà pé ọgbọ́n ni. Ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ fún àlejò a máa béèrè ohun tí àlejò kì í jẹ.

Ọmọ Ìkàrẹ́ na fóònù sí mi lẹ́nu. "Bàbá, kí ló máa ń bà yín lẹ́rù jù?"

"Ìrọ̀lẹ́."

"Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́?"

"Kò sí nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Iwin ńkọ́, Bàbá? Ẹ ò rí òkú rí?"

"Èmi ni mo pa ojú ìyàwó mi dé. Kò bà mí lẹ́rù."

Ó ti fóònù bọ àpò. Ó ní ṣé àwọn lè ya iwájú ilé. Mo ní kí wọ́n yà á, mo wọlé lọ gbé iṣu kaná fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́. Ọmọ Ìkàrẹ́ yẹn tún béèrè àfikún.

Nígbà tí ìpolówó náà parí, wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn wò ó kí wọ́n sì sọ èrò wọn kó tó jáde. Ọmọ ọmọ mi ní kí èmi náà wá. Mo dé fìlà tí ìyá rẹ̀ àgbà rà fún mi, mo wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́.

Wọ́n pa iná gbọ̀ngàn. Ilẹ̀kùn kan hàn lára ògiri, mo ní ilẹ̀kùn yìí jọ tèmi. Lẹ́yìn náà ni mo rí táìlì búlúù. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ya àwòrán yẹn, mo wà nílé, ẹ̀rọ ni wọ́n fi sọ ọ́ di òru. Táìlì sán, ọwọ́ kan yọ jáde, ó funfun, èékánná rẹ̀ gùn bí ti ẹyẹ. Gbọ̀ngàn pariwo. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Iná tàn. Ọmọ Ìkàrẹ́ bọ́ síwájú. "Ibo ló bà yín lẹ́rù jù?"

"Sàréè!"

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ohun tí àwọn èèyàn sọ náà nìyẹn nígbà tí àwọn béèrè lẹ́nu géètì ilé ìwé. Ó ní ó di orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́la.

Mo dìde. "Ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn èèyàn ló yàn án."

"Àwọn èèyàn wo? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni sàréè wà nílé bàbá rẹ̀?"

Ọmọbìnrin kan láti Ọ̀wọ̀ nawọ́ lẹ́yìn pátápátá. "Ti bàbá bàbá mi wà nínú pálọ̀, sà. Tí iná bá lọ, orí ẹ̀ la máa ń sùn, torí ó máa ń tutù."

"Kí ló wá dé tí o fi pariwo?"

"Gbogbo èèyàn ló ń pariwo, sà."

"Lẹ́nu géètì ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí ló ń dẹ́rù bà mí. Mo sọ ohun tí mo máa ń rí nínú fíìmù."

Ẹ ò rí i. Gbogbo èèyàn ni wọ́n bi, kálukú sì dá èsì tó rò pé ẹnìkejì máa dá. Èmi tí mo sọ ti inú mi, wọ́n ti fóònù bọ àpò. Àmọ́ ilé mi ni wọ́n lò, ìyàwó mi ni wọ́n lò.

Ọmọ Ìkàrẹ́ kò tíì gbà. "Bàbá, ẹ sọ òótọ́. Nígbà tí ọwọ́ yẹn yọ, ṣé kò bà yín lẹ́rù rárá?"

Èébú ni mo ti tò sẹ́nu fún un. Òótọ́ ló jáde. "Mo ti nawọ́ kí n tó mọ̀. Mo fẹ́ dì í mú ni. Ìgbà tí mo rí èékánná yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe tiẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọmọ mi tó wà nídìí ẹ̀rọ ní, "Màá yọ ọ́."

"Tó o bá yọ ọ́, kí ló kù?" Ọ̀gá wọn ló béèrè.

"Ẹni tó bá fẹ́ ọwọ́ lórí sàréè, kó lọ fi ìyá tiẹ̀ ṣe é," ni ọmọ ọmọ mi fi dá a lóhùn.

Ó fẹ́ sìn mí dé gáréèjì, mo ní kó padà. Ìbínú mi ni mo bá dé Oǹdó.

Lọ́jọ́ mélòó kan ó pè mí, ó ní àwọn ti yọ ọ́, àwọn ti fi pákó kan sàréè mìíràn, àwọn kùn ún bíi sìmẹ́ńtì.

"Sàréè ta ni?"

"Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, Bàbá."

"Èyí tí kò ní ẹnì kankan yẹn ni ẹ̀ bá ti fi bẹ̀rẹ̀." Mo pa fóònù.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Mo ń bó ọsàn, n kò gbórí sókè. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táìlì.

"Màmá, mo dé o." Ọmọ ọmọ mi ni, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ṣí fìlà. "Ẹ kú ilé o, Màmá."

Inú mi ò tíì rọ̀. N kò sì dáhùn. Kì í ṣe èmi ni wọ́n kí.