Ẹ̀wà Inú Fóònù

Bí mo bá ti gbọ́ gbohùngbohùn àwọn tó ń ra fóònù tó ti bà jẹ́ ládùúgbò wa n'Ìwó, àbúrò bàbá mi obìnrin ni mo máa ń rántí. Oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n. Wọn á sáré jáde lọ ra òkú fóònù lọ́wọ́ wọn, wọn á tú inú ẹ̀, wọn á gbin ẹ̀wà kan sí i, wọn á fi ìṣẹ́kù píọ̀ wọ́tà bomi rin ín. Ẹ̀wà náà á hù, ewé rẹ̀ á pọ́n, á sì rọ. Wọn á gbé e kọ́ ara ògiri, wọn á ní, "Ó gbìyànjú."

Màmá tó bí wọn béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé kò sí ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni?"

Àǹtí mi ò jiyàn. Wọ́n mú ọkọ́, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló ń jáde.

Nígbà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè nǹkan: ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń ta gíláàsì ojú fóònù.

Àìsàn mú wọn lọ, ẹ̀yìnkùlé yẹn náà la sì sin wọ́n sí. Ọ̀rá kún inú iyẹ̀pẹ̀ tá a fi bò wọ́n. Mo gbin ẹ̀wà sórí ibojì náà. Òkú ọ̀fọ̀ ni, Màmá ò gbọdọ̀ débẹ̀, torí náà ojú fèrèsé ni wọ́n ti bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ẹ̀wà yẹn ńkọ́?"

"Ó ti rọ, Màmá."

"Ó gbìyànjú," ni wọ́n wí, wọ́n sì ti fèrèsé.