Ọwọ́ Gbígbẹ

Àtàǹpàkò Àpìkẹ́ rọra kọjá lẹ́nu ìdérí ìgò tó kún fún ẹ̀tù ìbọn. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń gbá èyí tó lé lẹ́nu rẹ̀ kúrò, bí ẹni ń nu omijé lójú ọmọ. Ẹ̀tù dúdú. Ó dà á sínú èèpo ọta tí wọ́n ti yìn rí, kò sì mí títí ó fi dà á tán.

Fákúnlé, bàbá rẹ̀, jókòó tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Ó ń fi wọ́n pamọ́ ni. Ọwọ́ tó ti ń ki ọta fún àwọn ọdẹ Iwaraja láti ìgbà èwe. Ó ti wá ń gbọ̀n. Béjidé, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ, sì ti ní òun ń bọ̀ wá kó irinṣẹ́ lọ. Ó ní ilé tí kò ní ọmọkùnrin, kí ni irinṣẹ́ ń ṣe níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Àpìkẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, wá sílé. Ó ní òun ni yóò máa ki ọta. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀.

"Obìnrin kì í fọwọ́ kan ẹ̀tù."

Àpìkẹ́ ṣó sẹ́nu ọ̀nà yàrá irinṣẹ́, bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe máa ń ṣó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá ra aṣọ láwìn.

"Dìde níbẹ̀."

"Ọmọ òṣómàáló ni mí, Bàbá. Ṣé ẹ rí òṣómàáló tó dìde lọ́wọ́ òfo rí?"

Fákúnlé wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó na ìdérí ìgò sí i.

Béjidé dé lọ́sàn-án. Ó gba ọta tí Àpìkẹ́ kì, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó dojú ìbọn kọ kùkùté ìbẹ́pẹ.

Fùù.

"Ìbọn ń wúkọ́ o! Ẹ bá a wá àgúnmu!" ni Béjidé wí.

"Wo inú ìbọn yẹn kí o tó tún kì í," ni Fákúnlé wí. Ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọṣẹ. "O fọwọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀?"

"Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, sà."

"Ta ní kí o fọwọ́? Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni? Omi ọwọ́ rẹ ló ba ẹ̀tù jẹ́."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Àpìkẹ́ kò rín. Ó lọ na ọwọ́ rẹ̀ sóòrùn, bí ẹni ń sá ẹ̀gẹ́.

"Mo fẹ́ máa lọ o," ni Béjidé wí. "Ẹ kó irinṣẹ́ mi fún mi."

"Irinṣẹ́ ta ni, bàbá kékeré? Ẹ jókòó. Bí ẹ ò bá lè jókòó, ẹ ṣó."

Ọwọ́ gbẹ. Ó wọlé, ó ki òmíràn, ó gbé e jáde fún Béjidé.

Gbàù! Kùkùté ìbẹ́pẹ là. Ewúrẹ́ aládùúgbò sá wọlé.

Béjidé lọ wo kùkùté náà. Ó wá ní, "Ṣèèṣì ni."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n tún ṣèèṣì."

Ó tún un ṣe. Ìbọn tún dún.

Irinṣẹ́ kò kúrò nílé Fákúnlé mọ́. Àpìkẹ́ ló ń ki ọta fún àwọn ọdẹ Iwaraja, lọ́jọọjọ́ Sátidé. Béjidé fúnra rẹ̀ ló ń kó èèpo ọta rẹ̀ wá.