Iyanrìn Funfun Inú Kànga

Òórùn rọ́bà tó ń gbóná ju bó ṣe yẹ ló kọ́kọ́ pàdé mi ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Sùúrùlérè, kí n tó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìfami tó ń kùn láìfa ẹ̀kán omi kan. Ìwọ náà mọ irú ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀: kànga kan tí a fi irin dé lẹ́nu, pèpéle kọnkéré tó yí i ká títí dé ara ògiri ilé ìdáná, okùn ìsáṣọ lókè, àti àpótí ìjókòó kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé kúrò nípò. Orí àpótí yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu kànga, ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, tí èmi náà ń pè ní ìyá, ti máa ń gba atẹ́gùn láàárọ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́.

Òun nìkan ló ń gbé ilé náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó wá bá òun gbé ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì fi ń dá a lóhùn: "Ilé tó bá lómi kì í lé onílé." Nítorí náà, nígbà tí omi kọ̀ láti gòkè, mo mọ̀ pé ohun tí èmi àti púlọ́mbà tí a pè wá tún ẹ̀rọ náà ṣe gbé lọ́wọ́ ju omi ìwẹ̀ lọ. Bí a kò bá rí i tún ṣe, ó di dandan kí ìyá kó ẹrù.

A bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ. A bu omi sínú ẹ̀rọ náà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Ó kùn, kò fa nǹkan kan. A tú oríkèé páìpù, a fi rọ́bà tuntun dì í. Bákan náà ló rí. Ìyá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń wò wá bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí," ló wí, "ẹ dà bí dókítà tó ń fi etí sí àyà ẹni tí ebi ń pa."

"Mọ́mì, ẹ ní sùúrù," ni púlọ́mbà fèsì. "Èmi gan-an ni ebi ń pa."

"Ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Wá omi tí a ó fi sè é."

Nígbà tí a fa páìpù jáde, ọmọ ilẹ̀kùn tó wà ní ìdí rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí omi wọlé tí kì í jẹ́ kó padà, ti kún fún iyanrìn. Iyanrìn náà funfun, ó sì kúnná bí iyọ̀. Kò ṣàjèjì sí wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá omi gòkè, tó ń rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, nígbàkúùgbà tí a bá sì fọ táǹkì, ìyá a máa kó o sínú báàfù. Ó ń fi í fọ ìdí ìkòkò, ó ń bù ú fún aládùúgbò, èyí tó ṣẹ́ kù ló sì kó jọ síwájú ilé tó fi gbin òdòdó. "Ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn ẹlòmíì fi ń kó irú èyí," ìyá a máa wí bẹ́ẹ̀. "Ọlọ́run ń gbé tèmi wá bá mi nílé." Gbogbo wa a sì ṣe àmín.

Púlọ́mbà ní ó jọ pé ìsàlẹ̀ kànga ti kún. Ìyá ní kí n mú dígí wá láti yàrá òun. Àwọn àgbà àdúgbò wa ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀: bí korobá bá já sínú kànga, wọn a gbé dígí sínú oòrùn, wọn a darí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, korobá a sì hàn kedere. Láti kékeré ni mo ti mọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Kò tilẹ̀ dìde. Ó tẹ dígí náà sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń rìn lára àwọn òrùka kọnkéré tí wọ́n tò léra wọn, bí púlọ́mbà àti èmi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí a ń wò ó.

Ìmọ́lẹ̀ náà dé àárín òrùka méjì, ó sì wọlé. Mo ń retí kó kọlu amọ̀; kò kọlu nǹkan kan. Àlàfo kan ti là sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ihò ńlá kan, dúdú, tí gbòǹgbò igi àgbálùmọ̀ aládùúgbò rọ̀ sínú rẹ̀ bí okùn tí kò rí nǹkan so mọ́. Ihò náà gba abẹ́ pèpéle lọ sí apá ilé ìdáná. Mo gbójú sókè kí n lè mọ ibi tó kángun sí. Abẹ́ àpótí ìyá ni.

"Ṣé ẹ ti rí i?" ló bèèrè.

Púlọ́mbà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀."

"Àbí abẹ́ ìdí mi ni pọ́ǹpù ọ̀hún sá pamọ́ sí?"

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti fi ọ̀pá tilẹ̀ kó lè dìde. Pèpéle náà dún bí igbá òfìfo. Ó dúró. Ó tún fi ọ̀pá kàn án, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé onílé. Ó tún dún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Mo ti bọ́ sórí ilẹ̀ líle, mo na ọwọ́ sí i, ó dì í mú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó yíjú padà wo àpótí rẹ̀.

"Ilẹ̀ abẹ́ mi," ló wí, "ni mo ń fi fọ ìkòkò."

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n pe ọmọ òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó wá mú òun lọ. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fọ́ pèpéle tí wọ́n sì fẹ́ dí ihò náà, ìyá fi fóònù pàṣẹ láti Ìkòròdú pé kí a kọ́kọ́ hú òdòdó iwájú ilé, kí a dá iyanrìn ìdí wọn padà síbi tó ti wá. A dà á sínú ihò. Ó pòórá bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀, iyanrìn ẹ̀kún ọkọ̀ akẹ́rù kan ló sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rọ tí a ń bú láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó bá ti fa omi ni, à bá dúpẹ́, ìyá ì bá sì tún jókòó sórí àpótí rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ̀rù ihò náà ti kúrò lára mi. Èyí tí kò tíì kúrò ni ti àmín tí a máa ń ṣe.