Arúgbó Inú Ìwé Ọmọdé

Ìgbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Chicago ni ìyá mi dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ kó tó kúrò nílé, ọ̀pá ló fi ń rìn, eyín iwájú rẹ̀ méjì sì ti yọ. Èmi kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi, tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, orí fóònù nìkan ló ti ń rí i, fóònù kì í sì í fi ẹ̀yìn hàn.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ó máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà èmi ni mo máa ń mú ọmọ náà lọ yá ìwé ní láíbúrárì ní Tinley Park, ìlú kékeré lẹ́bàá Chicago tí à ń gbé, èmi náà ni mo sì ń kà á fún un. Èyí tó fẹ́ràn jù nígbà náà ni ìwé àwòrán kan tí witch wà nínú rẹ̀: obìnrin arúgbó onímú ṣóńṣó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, tó ń fi ọ̀pá rìn, tó ń dá gbé létí igbó, tó ń se oúnjẹ aládùn láti fi tan ọmọdé wọlé. Bí a bá dé ojú ewé yẹn, ọmọ náà á fi ọwọ́ bojú, á sì máa yọjú láàárín ìka.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ìyá mi dín àkàrà, ó bu díẹ̀ fún ọmọ náà. Ọmọ náà wo àwo, ó wo ìyá mi, ó wá bá mi ní pálọ̀.

"Daddy, mi ò fẹ́ jẹ ẹ́. Grandma is a witch."

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀. Ìyá mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́nu àwọn oníwàásù ló ti kọ́ ọ. Ó pa iná sítóòfù, ó sì jókòó.

"Ṣé àjẹ́ lọmọ yìí pè mí?"

"Kì í ṣe irú ti ilé, Màámi. Inú ìwé ló ti rí i."

"Ti inú ìwé yẹn, ṣé kì í pa ọmọ ni?"

Mo fa àga, mo jókòó tì í.

Ìyá mi wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi. Ìyá òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí kò bímọ, tí ọkọ rẹ̀ sì kú. Nígbà tó darúgbó, ọmọdé méjì kú nínú agbo ilé nígbà òjò kan náà. Ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó dá a lẹ́kun. Wọ́n kó ẹrù obìnrin náà síta. Inú abà ló kú sí. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ló máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo àwọn ìwé tí a ń yá. Iwin tó bá dára, ọ̀dọ́ ni, irun rẹ̀ á gùn, ìyẹ́ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Òmìrán á gọ̀. Ẹni kúkúrú inú ihò á láhun. Ìkà sì sábà máa ń jẹ́ arúgbó obìnrin tí kò lẹ́nì kan. Nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún mi, arúgbó elégbò tó jókòó létí odò ló máa ń júwe ọ̀nà fún ọmọ tó bá bá a wẹ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá yínmú sí i ló máa ń kábàámọ̀. Síbẹ̀ n kò lè fi tiwa yangàn. Àwọn tó lé obìnrin yẹn jáde, àlọ́ yẹn náà ni wọ́n gbọ́ dàgbà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ìyá mi ní kí ọmọ náà mú ìwé rẹ̀ wá. Ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ń kà, mo sì ń túmọ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ arúgbó náà, ìyá mi ní kí n dúró.

"Ta ló ń bá a pọn omi?"

Ọmọ náà wo àwòrán náà dáadáa. "Ó ní cat kan."

"Ológbò kò lè pọn omi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí nínú ìwé."

"Bí àìsàn bá ṣe é, ta ni yóò mọ̀?"

 Ọmọ náà ṣí ewé sẹ́yìn, ó tún ṣí i síwájú, bóyá yóò rí ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ó bi ìyá mi pé, "Grandma, kí ló ṣe ẹ̀yìn yín?"

"Oko ni. Mo ro oko, mo ru igi, mo sì pọn bàbá rẹ."

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí."

Ọmọ náà kò dì mọ́ ọn. Ó kàn dìde, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, ó sì fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹranko tí kò mọ̀ rí. Ìyá mi kò mira. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tún kọjá kí ọmọ náà tó jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi ti padà sílé kí ewé igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń yan aṣọ iwin tí wọn yóò wọ̀ láti máa toro súìtì lójúlé lójúlé lálẹ́ ọjọ́ ọdún wọn nínú òtútù, tèmi ní witch ni òun fẹ́ ṣe. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù.  Ó wá bi mí bóyá àyè ẹ̀wù òtútù yóò wà lábẹ́ aṣọ náà.